Nọ́ńbà Tó Sọnù

Ní Jàbí, wọ́n fún mi ní máákà dúdú kan
níwájú pátákó funfun tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Ọ̀gá Tersoo wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní:
"Láti oókan dé ọgọ́rùn-ún ni àwọn nọ́ńbà yìí.
A ti dà wọ́n rú. Ọ̀kan ti sọnù nínú wọn.
Èwo ni?"
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè owó ọkọ̀ dé Bẹ́gà.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi múra ní Kúbúwà,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí jẹnẹrétọ̀ Málàmù Sánúsí.
Ìṣòro tí mo yanjú lé ní igba:
igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, tí ewé rẹ̀ ń wo ilẹ̀;
abọ́ tí a tò léra, tí tòkè nìkan ṣeé mú;
iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀, tó tún ń pe ara rẹ̀,
tí o kò bá sọ ibi tí yóò ti dákẹ́ fún un,
á pe ara rẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kú;
ìlà tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ní í kọ́kọ́ lọ.
Ẹni tó bá ti tò fún epo rí ní Dèídèí
mọ̀ pé irọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn bí òtútù Jọ́ọ̀sì.
Mo ní: màá mú oókan, màá wá a kiri láàárín wọn,
bí mo bá rí i, màá mú eéjì, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.
"Bí wọ́n bá wá jẹ́ mílíọ̀nù ńkọ́?"
Mo ní: màá kọ́kọ́ tò wọ́n, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn,
kí n máa rìn lọ títí ẹsẹ̀ mi á fi bọ́ sí àlàfo.
"Ó dára. Ó ṣì pẹ́ jù."
Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni màmá mi ti wọlé dé,
pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀ tó ti tẹ̀.

Ní Mínà, kì í pe orúkọ wa kó tó bu oúnjẹ.
Ẹran mẹ́jọ ló ń gé, kò sí méjì tó dọ́gba:
ti bàbá tóbi jù, ti àbíkẹ́yìn kò ju èékánná lọ.
Bí gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀ bá ti gba tirẹ̀,
á wo èyí tó ṣẹ́ kù sí ìdí ìkòkò,
á ní, "Málọmọ́ ò tíì wọlé,"
láìgbé ojú sókè.

Mo kọ ọ́ sára pátákó:
ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé kan, pín in sí méjì,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé àádọ́ta.
Iye tó yẹ kó wà nílé nìyẹn.
Kọjá láàárín wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
máa ro wọ́n pọ̀ bí o ṣe ń lọ,
má wá ẹnikẹ́ni, má pe orúkọ.
Yọ ọ́ kúrò.
Èyí tó kù ni.

Tersoo rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ?"
Mo ní inú ìwé ni mo ti kà á.

Ọdún kẹfà rèé tí Málọmọ́ gba Kánò kọjá sí aṣálẹ̀.
Ó ní òun ti rí ọkọ̀, ká má dààmú.
Màmá ṣì ń gé ẹran mẹ́jọ.
Ó mọ ẹni tí kò sí; kò sí ìṣirò tó sọ ibi tó wà fún un.

Mo jáde sínú oòrùn, máákà ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Awakọ̀ kan ń lu ara mọ́tò rẹ̀ lẹ́bàá títì:
"Kúbúwà! Ó ku ẹnì kan!
Ó ku ẹnì kan, ẹnì kan péré!"
Mo dúró díẹ̀
kí n tó lè dáhùn.